Orí Ọ̀gán ni Rẹ́sọ̀ Wà

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ ọ́ fún mi: ìyàwó mi, àlùfáà ìjọ wa, títí kan àwọn tí mo ń bá tún alùpùpù ṣe, tó yẹ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ kí n parí iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé kì í ṣe ará Ìdí-Ọ̀sán, kò sì wá rẹ́sọ̀ rí láyé rẹ̀.

Rẹ́sọ̀ ni ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìdí-Ọ̀sán sì ni abúlé wa. Bí ẹ bá dé Pobè, ẹ yà sí apá ibodè, ẹ wọ inú ilẹ̀ dúdú àwa Ọ̀họ̀rí, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi rò pé ẹ ti ṣìnà. Ibẹ̀ gan-an ni. Lẹ́yìn oko àgbàdo ìyàwó mi, díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ yín bọ́ sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọmọ Benin ni wá o. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, mo sì ní káàdì tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀, Bọ́láwájí, ọmọ Benin. Rẹ́sọ̀ Benin nìkan ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí, bó ti wù kó kéré mọ.

Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni rẹ́sọ̀ Nàìjíríà, òun náà kì í sì wá nílẹ̀. Orí ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ló ń bà sí. Ọ̀gán náà ga ju ènìyàn méjì lọ, ikán ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, a ti gbẹ́ ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀ sí i lára. A kì í wọ bàtà gùn ún nítorí pé ó ń yọ̀. Gbogbo ilé ló ní káàdì síìmù Nàìjíríà kan nínú pọ́táàbù wọn, ìyẹn fóònù, a sì ń kó àwọn pọ́táàbù náà sínú apẹ̀rẹ̀ kan tí a so mọ́ igi lórí ọ̀gán. À ń ṣọ́ ọ ní ìdílé-ìdílé. Bí ọ̀kan bá dún, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á gbé e, á sì ké sí olóhun pé, “Ìyá Munirat, ọmọ yín ń pè láti Ìlaròó, ó ní ikọ́ òun ti lọ!” Kí ìyá Munirat tó dé ìdí ọ̀gán, gbogbo abúlé ti bá a dúpẹ́ ikọ́. Kò sí àṣírí ní Ìdí-Ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ìròyìn rẹ̀ ń sọnù.

Merveille ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Pierre ni, ṣùgbọ́n Pierre ti wáṣẹ́ lọ sí Gabon nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún kejì, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi ni ọmọ náà ń pè ní bàbá. Ìyá rẹ̀, Pauline, orí alùpùpù mi ló kú sí. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ń rọbí, kò sí agbẹ̀bí ní Ìdí-Ọ̀sán, mo gbé e, Flavienne aládùúgbò wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń dì í mú, a forí lé Pobè. Òjò ti rọ̀. Níbi tí mo ti ń fi igi ha amọ̀ kúrò lára táyà ni Pauline ti dákẹ́ lọ́wọ́ Flavienne, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Merveille jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà, ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà rí.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wa. Ilé dáadáa ni. Wọ́n fi ọ̀dà funfun àti búlúù kùn ún, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta sí i, wọ́n já rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tì í pa. Agbẹ̀bí tó máa wọ̀ ọ́ kò dé títí di òní yìí. Adìẹ ló ń yé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí wá ṣe ìdánwò kan tó yàtọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọbìnrin láti àwọn abúlé tí kò ní agbẹ̀bí, kí àwọn kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, kí olúkúlùkù wọn sì padà sí abúlé rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Merveille ṣe ìdánwò náà ní Pobè, ó sì yege. Ọjọ́ tí a gbọ́, Flavienne bọ́ gèlè, ó fi gbá ilẹ̀ níwájú ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Gbogbo wa mọ ohun tó ń ṣe, kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó kù. Ẹni tó bá yege gbọ́dọ̀ wọ orí ayélujára, kó fọwọ́ sí i pé òun gba àyè náà. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ bá lù tí kò tíì ṣe é, wọn á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orí pọ́táàbù ni wọ́n fi iṣẹ́ yìí rán sí wa, sí nọ́mbà Benin ti Merveille. Pọ́táàbù! Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ kan tó ń bọ̀ láti Pobè bá wa mú un wá lẹ́nu, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Wọ́n ń wá àwọn abúlé tí kò ní nǹkan kan, wọ́n sì ní kí àwọn abúlé náà fi ohun tí wọn kò ní dá wọn lóhùn. Ẹni tó jókòó tó ro irú èyí, ó jẹun yó kó tó rò ó.

Ibi tí ẹ̀bi tèmi ti wọ̀ ọ́ rèé, mi ò ní purọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Merveille ti di ẹrù rẹ̀, ó ní ká máa lọ sí Pobè kó tó pẹ́. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo òru. Mo wo ojú ọ̀nà, mo wo alùpùpù mi.

Mo ní, “Kí la fẹ́ lọ ṣe ní Pobè? Ṣé rẹ́sọ̀ ò sí níbí ni?”

“Bàbá, rẹ́sọ̀ Nàìjíríà mà nìyẹn.”

“Rẹ́sọ̀ ni rẹ́sọ̀. Bí omi bá ti mọ́, ta ló ń bi í ní odò tó ti wá?”

Ọmọ tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, kì í bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀mejì. A gun ọ̀gán. Éric, ọkọ Flavienne, ni ìṣọ́ kàn láàárọ̀ yẹn. Ó sún apẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún wa, mo fi rẹ́sọ̀ pọ́táàbù mi fún ti Merveille. Ojú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí kíá. Mo wo ọmọ náà bí ìgbà tí mo ní, ṣó o rí i? Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ nọ́mbà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ni nǹkan pupa kan bá yọ. Ó kà á lédè Faransé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún èmi àti Éric, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bó ti ń kà á lọ: “Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lẹ ti ń wọlé. Àwọn tó ń gbé ní Benin nìkan ni àyè yìí wà fún. A ti dá ìwé yín dúró.”

Éric wolẹ̀, ó wo ọ̀gán tó dúró lé. Ó ní, “Ìgbà wo la kó dé Nàìjíríà?”

Mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Bí a ṣe gbéra nìyẹn, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá. Merveille ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí a bá ti rí rẹ́sọ̀ Benin, ìwé náà á ṣí padà. Mo dì mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá mọ amọ̀ ilẹ̀ wa, kò lè mọ ohun tí mo ń wí. Ó máa ń wọ àárín táyà àti irin tó bò ó, á kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, táyà ò ní yí mọ́, àfi kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kó fi igi yọ ọ́. Lẹ́yìn ogún ìṣísẹ̀, ó tún kún. Merveille bọ́ bàtà, ó fi ọ̀rá we pọ́táàbù rẹ̀, ó kì í sínú gèlè, ó sì ń ti alùpùpù lẹ́yìn. Ọ̀nà tí mo máa ń gùn níwọ̀n wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ la fi rìn ín. A kọjá ibi tí Pauline kú sí. A kò dúró, a kò sì wo ara wa lójú.

Nígbà tí a dé Pobè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kírun Jímọ̀ ni. Mo rí òpó rẹ́sọ̀ lókèèrè, pupa àti funfun, inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé. Merveille yọ pọ́táàbù. Kò sí nǹkan kan. Ó gbé e sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Nígbà yẹn ni mo wá rí i pé gbogbo èèyàn tó ń lọ sí mọ́sáláṣí ló gbé tiwọn sókè bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ògì ló là á yé wa pé òjò òru ti mú kúráàn, ìyẹn iná mànàmáná, lọ, ẹ̀rọ tó ń gbé òpó náà dúró kò sì ní epo.

“Ẹ fara balẹ̀,” ó ní. “Wọ́n ní kò ní pẹ́ dé.”

A jókòó. Wákàtí méjì la fi jókòó sábẹ́ pátákó ńlá kan tí ilé iṣẹ́ rẹ́sọ̀ náà gbé síbẹ̀. Wọ́n ya ọmọge kan sí i tó ń rẹ́rìn-ín lórí òkè, ó gbé pọ́táàbù sétí, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibikíbi tó o bá wà, àwọn wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo wò ó, ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde, mo nàka sí ọmọge náà. “Níbo lẹ wà? Ẹ̀yin aláìnítìjú! Mo wà níbí, níbo lẹ̀yin wà?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní kí n sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, ó ní bóyá ó ń gba ìpè lọ́wọ́ ni. Merveille fa ẹ̀wù mi.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Sakété. Wọ́n ní rẹ́sọ̀ wà níbẹ̀.”

Ojú ọ̀nà Sakété lọ́dà, ó yẹ ká dé kíá. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá gbogbo ayé lẹ táyà, táyà tèmi ló jò lọ́nà, ibi tí mo sì ti ń lẹ̀ ẹ́ ni aago mẹ́ta ti lù. Àwọn sẹ́mìjàn, àwọn ọlọ́kadà tiwa, ń kọjá lọ, wọ́n ń kí mi kú ìnira.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la wọ Sakété. Lẹ́bàá ọjà, níbi tí wọ́n ti ń já àpò gàrí kúrò lára ọkọ̀, ni pọ́táàbù Merveille ti dún. Ó dún, ó tún dún, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti rán sí i láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí eyín rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní ká wá ibi tí kọ̀ǹpútà wà kó má bàa ṣe àṣìṣe lórí ojú kékeré ti pọ́táàbù, a sì yà sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Damien, tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Damien wo amọ̀ lára wa, ó fún wa lómi ká tó sọ̀rọ̀. Ọmọ Takon ni, inú oko ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ṣí ojú ìwé náà, ó kà á, ó tún un kà, ó sì fọwọ́ pa ojú.

“Bàbá, ìwé yìí ò tíì ṣí o. Wọ́n ní ẹ ti gbìyànjú láti wọlé láti Nàìjíríà láàárọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ yìí fi hàn pé Benin ló ń gbé.”

“Ṣé kò rí wa ni? Sakété la wà yìí!”

“Ó rí yín ní Sakété. Ṣùgbọ́n Ìdí-Ọ̀sán lẹ kọ pé ó ń gbé. Ẹ̀rọ yìí, òpó ló fi ń ríran, Bàbá. Ibi tí kò bá ti sí òpó wa, kò lè rí ẹnì kankan níbẹ̀. Lójú tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé Ìdí-Ọ̀sán.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń já gàrí dúró. Mo ní nígbà ìdìbò, inú amọ̀ yẹn náà ni wọ́n gbà gbé àpótí dé ọ̀dọ̀ wa, orí ni wọ́n fi rù ú, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wa pé Nàìjíríà ni wá. Mo ní nígbà tí wọ́n ń já rìbọ́ọ̀nù, wọ́n rí wa. Mo ní kí wọ́n pe ẹ̀rọ náà jáde kó wá sọ ọ́ lójú mi. Mo ní àwọn tó wà níbẹ̀ kò ní ìyá, wọn kò ní àbúrò, inú òpó ni wọ́n bí wọn sí.

Damien jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá rọra ní, “Bàbá, kì í ṣe èmi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù.”

Ojú tì mí. Mo jókòó. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni pé kí dẹlẹgẹ́ wa, ìyẹn olórí abúlé, fọwọ́ sí ìwé pé Ìdí-Ọ̀sán ni Merveille ń gbé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ kí aago márùn-ún tó lù. Ó dára. Valentin ni dẹlẹgẹ́ wa, èèyàn dáadáa ni, òǹtẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ nílé, wọ́n lè fi rẹ́sọ̀ Nàìjíríà fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí pọ́táàbù Damien láti orí ọ̀gán, nítorí pé fọ́tò kì í ṣe ọmọ Benin, wọn kò ní bi í níbi tó ti wá. Mo gba pọ́táàbù Damien, mo pe nọ́mbà Nàìjíríà ti Éric. Ó gbé e kíá. Orí ọ̀gán ló ṣì wà.

“Éric, sáré! Lọ pe dẹlẹgẹ́ wá fún mi!”

“Dẹlẹgẹ́ ò sí nílé. Wọ́n ti pè wọ́n lọ sí ìpàdé ní Pobè láti àná. Wọn ò tíì dé.”

“Ìpàdé kí ni?”

“Ìpàdé rẹ́sọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ àwọn abúlé tí kò ní in.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, ó bà mí lẹ́rù fúnra mi. Valentin wà ní Pobè, níbi tí a ti jókòó wákàtí méjì gbáko, bóyá ògiri kan ló wà láàárín wa. Kò sí bí a ṣe lè pè é, nítorí pé rẹ́sọ̀ ti kú ní Pobè. Bí mo bá sì fi eré lọ bá a, mi ò lè padà dé Sakété kí aago mẹ́fà tó lù.

“Ọ̀nà kejì ńkọ́?” Merveille ló bèèrè.

Damien kò wo ojú rẹ̀. “Kó o yí ibi tó ò ń gbé padà. Kó o fi Sakété sí i. Sakété ni ẹ̀rọ ti rí ẹ, kò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Wọ́n á gbà ẹ́ sílé ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ó máa yọ ẹ́ kúrò lára àwọn ọmọ abúlé, ó máa kó ẹ mọ́ àwọn ará ìlú. Bó o bá ṣe tán, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa rán ẹ lọ. Àyè abúlé yín á sì lọ fún abúlé mìíràn.”

Aago ara ògiri Damien ti di márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ ọmọ náà wà lórí kọ̀ǹpútà, amọ̀ Ìdí-Ọ̀sán ti gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá, ilé ìgbẹ̀bí yẹn ńkọ́?”

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi ni mo fi òwe yẹn kọ́ ọ, níjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pobè ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará inú amọ̀ ni. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀, mo ro ọdún méjìlá tí ó ti fi ń dúró de ọjọ́ yìí, mo sì rò ó pé bí aago yẹn bá lù, ọmọ yìí á padà sílé wá máa bá ìyàwó mi gbin àgbàdo títí tó fi máa darúgbó.

Mo ní, “Tẹ Sakété.”

“Bàbá.”

“Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́!”

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ òótọ́ wa láti àárọ̀, tó ní irọ́ la pa, a pa irọ́ fún un, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní a kú oríire. Merveille gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Damien jáde lọ síta, ó ní òun fẹ́ wo alùpùpù wa.

Pọ́táàbù Damien dún lọ́wọ́ mi. Éric ni. “Ṣé ó wọlé?” Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo abúlé ti pé sí ìdí ọ̀gán. Ó yẹ kí n sọ gbogbo rẹ̀. “Ó wọlé,” ni mo sọ, mo sì pa á. Kí ó tó kú, mo gbọ́ igbe ayọ̀ tí wọ́n ké.

Ilé ìyá Damien ní Takon la sùn. Wọ́n se oúnjẹ fún wa, mi ò jẹ ẹ́ dùn. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti le díẹ̀, ọ̀sán gangan la dé Ìdí-Ọ̀sán. Lójú ọ̀nà, Merveille kò sọ̀rọ̀ ju kó kìlọ̀ fún mi níbi tí kòtò wà.

Mo rí àwọn obìnrin abúlé láti òkèèrè. Iwájú ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n wà. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nílé dẹlẹgẹ́, wọ́n ti lé àwọn adìẹ, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, wọ́n ń fọ ilẹ̀. Flavienne ló ṣíwájú wọn, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, páànù omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bọ́láwájí, sọ̀ kalẹ̀, wá wò ó! A ti ń fọ ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ.” Ó di Merveille mú léjìká, ó fi ọwọ́ tútù pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. “Ọdún mẹ́ta, àbí? Eléyìí tó wà nínú mi, á ti máa sáré kiri. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ìwọ lo máa gbà á, ìwọ fúnra rẹ.”

Gbogbo ariwo tí mo ti pa láti Pobè dé Sakété, mo wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, mi ò rí. Merveille ló sọ̀rọ̀.

“Ìyá, wọ́n ti gbà mí. Àmọ́ Sakété ni mo sọ fún wọn pé mò ń gbé. Wọn ò ní rán mi padà síbí.”

Ọwọ́ Flavienne ṣì wà léjìká rẹ̀. “Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?”

Ọmọ náà kò wo ọ̀dọ̀ mi, kó má bàa jẹ́ pé òun ló fi mí hàn.

Mo ní, “Èmi ni.”

Flavienne tó di Pauline mú lórí alùpùpù mi níjọ́sí wò mí. Mo dúró de èébú. Mo fẹ́ kó bú mi, kí n lè rí ẹnì kan bá jà. Kò bú mi. Ó yíjú sí àwọn obìnrin tó kù, ó ní kí wọ́n gbé àwọn bẹ́ẹ̀dì náà wọlé. Wọ́n gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó da omi tó kù nínú páànù sí ẹ̀bá ògiri, ó sì ti ilẹ̀kùn náà pa.